Òrí fún Ibojì Ngozi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ràdíátù fojú kan Tari, ó ń fọ eyín fún òkú.

Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin náà nà gbalaja sórí ibojì mábù kan nínú oòrùn ọ̀sán, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan gbéra, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín pupa dání, ó sì ń fi í ha inú àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ha ọ̀kan tán, á bu omi lé e, á fẹnu fẹ́ ẹ, á wá gbé ojú sún mọ́ ọn bí ìyá tó ń yẹ ẹnu ọmọ wò bóyá ó ti mọ́. Orin kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ní èdè Ìjọ̀, àfi bíi pé òun àti ẹni tó sùn sísàlẹ̀ ni wọ́n jọ ń kọ ọ́.

Itẹ́ òkú kì í ṣe ibi ẹ̀rín, Ràdíátù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í tọrọ àyè kó tó jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé wọ́n ti jẹun ni, tẹ́ ẹ fi ń fọ eyín fún wọn?"

Tari gbójú sókè. Ó rí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì, tó da ìborùn aláwọ̀ ewé borí, tí ẹ̀rín ṣì ń jà lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú díẹ̀.

"Wọn ò tíì jẹun," ó dá a lóhùn. "Ẹ̀yin là ń retí. Kí lẹ gbé wá?"

Ràdíátù kò gbé nǹkan kan wá. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ní ojú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá. Baba rẹ̀ ló ní kó yà kí ìyá rẹ̀ níbojì, nítorí orúnkún ò jẹ́ kí òun lè wá mọ́. Ó ti kí ìyá rẹ̀, ó ti fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ní òun kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é díẹ̀. Nígbà tí yóò fi rántí ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ ti pe fóònù rẹ̀ títí tó fi sú u.

Itẹ́ òkú yìí wà létí ọ̀nà Kìríkìrì, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí, tí ọkọ̀ epo ń tú èéfín látàárọ̀ dalẹ́. Ibojì tó bá funfun lónìí, kó tó di ìgbà òjò mìíràn, á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Iṣẹ́ Tari ni láti máa bá àwọn tó ti kó lọ sókè òkun tàbí ìlú mìíràn tọ́jú ibojì èèyàn wọn. Á roko ibẹ̀, á fọ òkúta, á fi ọ̀dà tún lẹ́tà tó bá ti ṣá kùn. Omi òjò ló ń kó jọ sínú kẹ́ẹ̀gì fún iṣẹ́ náà, nítorí omi ẹ̀rọ Àjégúnlẹ̀ máa ń fi àwọ̀ irin tó dógùn-ún sílẹ̀ lára òkúta funfun. Ó sì ní òfin kan tí kì í tàpá sí: kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kó o wò ó dáadáa, kó o tó fi irin kàn án. Ó ní ẹni tó ti kú kò lè pariwo bí èèyàn bá ṣe é léṣe, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn rọra.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá Ràdíátù délé. Bó ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́ ló ń rò ó, bó ṣe ń bu omi wẹ̀ ló ń rò ó. Nígbà tí baba rẹ̀ bi í bóyá ó kí ìyá rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ tó fi jẹ́ pé Bàbá tún wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti ìgbà náà lọ, Ràdíátù di ẹni tí í máa kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì sí òkú tí ọmọ rẹ̀ ń kí tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Àpápá. Wọ́n á jọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n á jọ ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, Tari á sì máa júwe àwọn tó sùn síbẹ̀ fún un bí ẹni ń júwe ará àdúgbò. Bàbá yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Màmá tọ̀hún, ẹyẹ ló fẹ́ràn ibojì rẹ̀ jù, kò sì sí ohun tí òun kò tíì ṣe kí wọ́n lè kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, "ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o", kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ àtíbàbà ẹnu ọ̀nà, Tari fi etí ìborùn Ràdíátù nu omi kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra ṣe é gan-an.

"O ń fọ̀ mí bí òkúta," Ràdíátù sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Mo ń kọ́kọ́ wò ọ́ dáadáa ni," Tari ní. "Mo ti wò ọ́ tán, ìfẹ́ mi. Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ tún ṣe."

Ọkàn Ràdíátù kún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò kàn lè dá sọ ọ́ láìsí baba rẹ̀ níbẹ̀ ni.

Bàbá Sànúsí ló tọ́ ọ dàgbà. Wáàfù Àpápá ló ti rẹrù títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ngozi, ìyàwó rẹ̀, kú nígbà tí Ràdíátù ṣì kéré. Àwọn èèyàn Ngozi fẹ́ gbé e lọ sílé Íbò, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ṣe àdéhùn kó tó kú pé ibi tí ọmọ òun lè fẹsẹ̀ rìn dé ni kí wọ́n tẹ́ òun sí. Ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun ló ń di irun Ràdíátù, ìdì náà kì í dáa, àwọn ọmọ iléèwé á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Ràdíátù ti pinnu nínú ara rẹ̀ tipẹ́ pé òun kò ní wọ ilé ọkọ kankan tí baba òun kò bá fọwọ́ sí. Ní ti ẹ̀sìn, ilé Sànúsí ti yanjú ìyẹn: Ngozi ń lọ sí ìjọ títí tó fi kú, ọkọ rẹ̀ ń kírun, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun.

Nǹkan kan ló wà tí Ràdíátù kò sọ fún Tari. Ó ti fi ibojì ìyá rẹ̀ hàn án láti òkèèrè, ibojì sìmẹ́ǹtì lásán kan lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé baba òun nìkan ló ń fọ ọ́. Tari bi í pé kí ló dé. Ràdíátù ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe fẹ́ ẹ. Ó yẹ kó sọ ìyókù, àmọ́ ó rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀.

Nígbà tí Tari ní òun fẹ́ wá rí Bàbá, Ràdíátù gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Bàbá Sànúsí kò bínú. Ó bi í bóyá ọmọkùnrin náà ní sùúrù, Ràdíátù ní sùúrù rẹ̀ pọ̀ ju ti òkúta tó ń fọ̀ lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ ìrántí Ngozi ń bọ̀ ní Sátidé, òun kò lọ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n tọ̀pá-tọ̀pá lòun yóò fi lọ lọ́dún yìí. Kí ọmọkùnrin náà pàdé òun níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Ngozi, iwájú Ngozi ni kó ti sọ ọ́.

Inú Tari dùn dé góńgó, ayọ̀ náà ló sì kó bá a. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ó lọ wo ibojì náà nítòsí fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú sì tì í. Òjò ti gbin ohun tútù yọ̀bọ̀ọ̀yọ̀bọ̀ọ̀ sí i lára, etí rẹ̀ ti ń sán, ihò kéékèèké tó kún fún ẹrẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀. Báwo ni àna òun yóò ṣe wá sí ibi iṣẹ́ òun, kó bá ibojì ìyàwó rẹ̀ báyìí láàárín àwọn tí òun ti fọ̀ tó ń dán? Ó rántí ìkìlọ̀ Ràdíátù, ó sì rò pé ìkìlọ̀ ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó wá mọ́ ni. Òjò ti ṣú, ilẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ó fi etí ṣọ́bìrì gé ohun tútù náà kúrò lókè, ó da omi lu àwọn ihò, ẹrẹ̀ ṣàn jáde, kò sì bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó ti da sìmẹ́ǹtì lé e. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀, ó ti dán, Tari sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ọkùnrin tó ń fi òfin rẹ̀ yangàn kiri, ọjọ́ tí òfin náà wúlò fún un jù ló gbàgbé rẹ̀.

Bàbá Sànúsí dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, Ràdíátù lọ́wọ́ òsì, agolo òrí kékeré kan sì wà lápò agbádá rẹ̀. Tari dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá dá a lóhùn dáadáa, ó kọjá lára ibojì funfun náà, ó dé ìdí ògiri, ó wá yíjú padà.

"Ngozi dà?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Abẹ́ igi yìí ló wà. Ta ni wọ́n sin lé e lórí?"

"Àwọn nìyẹn, Bàbá," Tari ní, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Mo tún un ṣe dè yín ni, sà."

Ràdíátù ti rí i. Kò sún mọ́ ọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń fọwọ́ wá orí ibojì náà káàkiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ibi gbogbo ló dán. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè.

"Ọjọ́ tí a sin ín, sìmẹ́ǹtì nìkan lagbára mi ká. Kó tó gbẹ, mo fi ìṣó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọmọ yìí ń sunkún pé òun fẹ́ fọwọ́ kan ìyá òun. Mo bá mú ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù náà. Ó bi mí pé, 'Ṣé ó ti dì mí lọ́wọ́ mú?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Ìgbà yẹn ló tó dákẹ́." Ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Ohun tó kù fún mi nìyẹn. Mi ò ní bú ọ, mi ò sì ní ṣépè. Ṣùgbọ́n má tẹ̀ lé wa wálé."

"Bàbá, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ jọ̀ọ́," Tari ní.

Ràdíátù sunkún títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ó bínú sí Tari, ó sì bínú sí ara rẹ̀, nítorí gbólóhùn kan péré látẹnu rẹ̀ ì bá ti gba gbogbo wọn là. Tari pè é lórí fóònù, Ràdíátù kò gbé e. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà ti parí. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ orin Ìjọ̀ yẹn létí.

Àmọ́ Tari kò fi ọwọ́ kan ibojì náà mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó wá sí iwájú ilé Bàbá Sànúsí ní Àjégúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní òun kò wá tọrọ ìyàwó. Òun wá tọrọ àyè láti ṣí ohun tí òun bò ni. Ó ní ó yẹ kí òun ti bèèrè tẹ́lẹ̀, òun ń bèèrè báyìí.

Bàbá wò ó pẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá wẹ̀yìn, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rẹrù ní wáàfù, tóun náà dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ẹbí ọmọbìnrin Íbò kan tí wọn kò fẹ́ rí i sójú.

"Irin ò gbọdọ̀ kàn án," ó ní. "Igi àti omi. Èmi yóò sì jókòó tì ọ́."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á wọ kẹ̀kẹ́ wá, á jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ igi fúrúùtù. Tari á kúnlẹ̀, á da omi sétí ìrẹ́ náà, sìmẹ́ǹtì tuntun tó dà lé e, kó lè rọ̀ díẹ̀, á fi èèkàn igi tó gbẹ́ ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ibi tó ṣí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òjò á dé, Bàbá á ṣí agbòjò rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, agbòjò náà ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ń bo ẹ̀yìn Tari náà.

Ràdíátù ló ń gbé oúnjẹ lọ fún baba rẹ̀. Á gbé e kalẹ̀, á gbójú kúrò, á padà. Nígbà tó ṣe, abọ́ di méjì. Tari jẹ tirẹ̀ tán, ó fi omi òjò fọ abọ́ náà nínú-lóde, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ràdíátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún. Ó jókòó lọ́jọ́ yẹn, kò padà lọ.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé àárín, Tari gbé èèkàn sílẹ̀. Gbogbo etí ibojì tó ti ṣí ni sìmẹ́ǹtì tuntun ti fà díẹ̀ lára ti àtijọ́ lọ. Ó lè fi pamọ́, kò fi pamọ́.

"Bàbá, ó dì mú gan-an," ó ní. "Bó bá dì mú níbí yìí bẹ́ẹ̀, orúkọ náà lè bá a lọ, àti ọwọ́ náà. Mi ò lè ṣèlérí fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè ní èbúté. Ràdíátù ló dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ní ìdojúkọ Tari, ó sì ki ìka mọ́ abẹ́ ìrẹ́ náà.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e."

Tari tẹ èèkàn. Wọ́n mú ọkàn le, wọ́n ti mọ bó ṣe máa ń fà. Ṣùgbọ́n kò fà. Àárín náà ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹ̀kọ ṣe ń kúrò lára ewé, ó sì gbé lọ́wọ́ wọn lódindi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, NGOZI MI wà níbẹ̀ bí Bàbá ṣe fi ìṣó kọ ọ́, láìku lẹ́tà kan. Ọwọ́ ọmọ kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, ìka márààrún pé. Tari yí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn dé òdìkejì: ọwọ́ kékeré kan náà ló yọ síta lára rẹ̀, ó yó rọ̀bọ̀tọ̀ bíi pé ó fẹ́ di nǹkan mú.

"Kí ló dé tí kò lẹ̀ níbẹ̀?" Bàbá ní.

Tari fi ìka kan inú àmì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yíjú wo àpò agbádá Bàbá, níbi tí agolo òrí ti yọ orí.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, sà. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù létí títì, ṣé ẹ rí i pé wọ́n máa ń fi epo pa inú móòdù kí sìmẹ́ǹtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn? Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá lẹ ti ń fi òrí pa ibí yìí. Ó ti wọ inú òkúta. Sìmẹ́ǹtì mi kò ríbi dì mú."

Bàbá Sànúsí bo ojú rẹ̀, ó sì sunkún fatafata níṣojú àwọn ọmọ. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní Ngozi ló máa ń fi òrí pa ọwọ́ Ràdíátù nígbà ọyẹ́, pé ọwọ́ ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ là. Lẹ́yìn tó kú, òun ń fi òrí pa ọwọ́ ọmọ nílé, òun sì ń wá síbí lọ́dọọdún láti pa èyí tó wà lọ́dọ̀ Ngozi. Òun kò mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ kankan.

Ó ki ọwọ́ bàpò, ó yọ agolo òrí náà, ó sì nà án sí Tari.

"Orúnkún mi kò tẹ̀ mọ́," ó ní. "Láti òní lọ, iṣẹ́ rẹ ni."

Tari kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ bu omi òjò, ó fọ orí ibojì náà, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tó tẹ́wọ́ gba òrí. Ó fi àtàǹpàkò pa á sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó pa á sínú ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ń bá Ngozi sọ ọ̀rọ̀ tó ti yẹ kó sọ láti Sátidé ìrántí yẹn. Ó ní Tari lorúkọ òun, pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́, pé òun fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, àti pé òun kò ní kánjú mọ́. Ràdíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ìborùn bojú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń bò.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, oúnjẹ ti délẹ̀. Ràdíátù ní ó di ẹ̀yìn tí òun bá kí ìyá òun. Ó kúnlẹ̀ síwájú ibojì náà tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé ọwọ́ kékeré yẹn. Tari gbé tirẹ̀, tí òrí ṣì wà lára rẹ̀, lé ti ìyàwó rẹ̀ lórí. Wọ́n gbójú sókè wo Bàbá.

Bàbá Sànúsí fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, bíi pé wọ́n bi í. "Ó ti dì yín lọ́wọ́ mú."